BÍ ÌLÚ TILẸ̀ ṢUBÚ: ÌGBẸ́KẸ̀LÉ ÀTI ÌGBỌRÀN NÍ ỌJỌ́ ÌDÁNWÒ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 22:1-14, Dáníẹ́lì 3:13-18, Jeremáyà 29:4-7, Hébérù 11:32-40.

Àkọ́sórí: Dáníẹ́lì 3:18. Kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ sórí láti inú Bíbélì tirẹ̀ kí ó tó wá sí ìpàdé.

Ète ẹ̀kọ́: Kí á lè mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe òwò tí a ń bá Ọlọ́run ṣe, àti pé iṣẹ́ tí Ó fi sí wa lọ́wọ́ lónìí ni kí á máa ṣe nígbà tí èsì àdúrà wa kò tíì dé.

ỌRỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

 

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹni tí Olúwa ti gbọ́ tirẹ̀ ni ó máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ẹni tí ó bímọ ń jó lọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ ń jó lọ, ẹni tí ó gbádùn lẹ́yìn àìsàn náà ń jó lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó yẹ kí á dúpẹ́ oore. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù láti ọdún dé ọdún. Òun náà gbààwẹ̀. Òun náà san ìdámẹ́wàá. Ohun tí ó ń tọrọ kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà mìíràn yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni mo ṣe? Àbí ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?”

Nítorí arábìnrin yìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Bí kì í bá ṣe ìwọ lónìí, ó lè jẹ́ ìwọ lọ́la. A ó fi ìtàn ilẹ̀ tiwa gan-an ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìdánwò ìgbàgbọ́ kò mọ sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì nìkan. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìjàyè níhìn-ín.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÌJÀYÈ

Gbogbo wa ni a mọ Ìjàyè Òrìlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí tí ó rí oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo lè má mọ̀ pé ìlú ńlá olódi ni ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860, ìlú tí ó lè bá Ìbàdàn figagbága. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí rẹ̀.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, àwọn ará Ìbàdàn fara mọ́ ọn pé kí Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ gorí ìtẹ́ baba rẹ̀. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó di ogun ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní ọdún 1861 nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, a sọ ìlú di ahoro, àwọn tí ó sì lè sá sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Àwọn Kristẹni wà nínú ìlú yìí. Ìjọ CMS ní ibùdó níbẹ̀, Àlùfáà Adolphus Mann tí ó wá láti Jámánì àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi náà wà níbẹ̀. Thomas Jefferson Bowen àti ìyàwó rẹ̀ láti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí Ìjàyè ní ọdún 1853, àwọn Phillips àti Stone sì wà níbẹ̀ nígbà ogun. Ní àyíká wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù gbọ́ wà. Àwọn wọ̀nyí kò ní Bíbélì Yorùbá lódindi bíi tiwa, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì parí nígbà náà. Apá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ogun dí ọ̀nà oko, ebi wọ ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí abà bá ṣófo tí ọmọ sì ń sunkún, ẹ lè ronú ohun tí ojú ìyá rí nínú odi Ìjàyè. Ebi náà pọ̀ débi pé àwọn òbí kan fa ọmọ wọn lé àwọn ajíhìnrere lọ́wọ́, kí ọmọ náà má bàa kú.

2. ÌJỌ TÓ WÀ LÓDÌ KEJÌ

Ẹ jẹ́ kí á gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ wo apá kejì. Ní Kúdẹtì, Àlùfáà David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1853. Ogun kan náà ni ó dí ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wá láti etíkun. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, ọwọ́ wọn kò tó owó, kò sì tó oúnjẹ tí ó tó. Ìyáàfin Anna ta aṣọ àti ohun èlò ilé rẹ̀ kí ó lè rí owó ẹyọ ra iṣu àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ tí ó ń tọ́. Kò tú àwọn ọmọ náà ká.

Daniel Olúbi tí í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Ẹ rántí pé àwọn Ẹ̀gbá ń bá Ìbàdàn jà ní àkókò yìí. Àárín àwọn tí ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jagun ni ó wà, tí ó sì ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ìyè. Kì bá rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti dúró. Olúbi dúró. Nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1869, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ sí, òun ni ó sì ṣáájú ìjọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyí. Àwọn onígbàgbọ́ wà nínú odi Ìjàyè, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Àwọn onígbàgbọ́ wà nínú odi Ìbàdàn, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run kan náà. Ìlú kan ṣẹ́gun, èkejì di ahoro. Ǹjẹ́ a lè sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn ti Ìjàyè ni kò tó? Ǹjẹ́ a lè sọ pé Olúwa kò fẹ́ràn ìyá tí wọ́n kó lẹ́rú tó ìyá tí ó sùn sílé rẹ̀ ní Ìbàdàn? Ẹnu wa kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

3. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ WÍ

(a) Ábúráhámù kò mọ̀ nípa àgbò náà. Àwa tí a ti ka ìtàn náà tán mọ̀ pé àgbò kan wà nínú igbó. Ábúráhámù kò mọ̀ nígbà tí ó ń dìde ní òwúrọ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó la igi, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Iṣẹ́ kéékèèké ni gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rìn kí ó tó rí òkè náà. Àárín ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. A ti gbọ́ àṣẹ, a kò tíì rí àgbò.

(b) Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà kò fi ìgbọràn wọn dúró de ìdánilójú. Nígbà tí Nebukadinésárì fi iná ìléru dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sọ ohun méjì fún un. Wọ́n ní Ọlọ́run wọn lè gbà wọ́n. Wọ́n sì ní bí kò tilẹ̀ gbà wọ́n, àwọn kò ní foríbalẹ̀ fún ère. Gbólóhùn kìíní rọrùn láti fi ṣe àdúrà. Èkejì ni àkọ́sórí wa, nítorí òun ni ó fi hàn pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sìn, kì í ṣe ohun tí wọn yóò rí gbà lọ́wọ́ Rẹ̀.

(d) Àwọn tí ìlú wọn ṣubú ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Nígbà tí a kó Júdà lọ sí Bábílónì, Jeremáyà kọ lẹ́tà sí wọn. Kò sọ fún wọn pé ọ̀la ni wọn yóò padà. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú àjèjì tí wọ́n wà.

(e) Ìgbàgbọ́ kan náà, àbájáde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ka Hébérù 11:35 dáradára. Ìdajì ẹsẹ náà sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n rí òkú wọn gbà padà láàyè. Ìdajì kejì sọ nípa àwọn tí a dá lóró tí a kò sì tú sílẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé àwọn ti àkọ́kọ́ ní ìgbàgbọ́ ju àwọn ti ẹ̀yìn lọ. Gbogbo wọn ni a kọ orúkọ rere wọn sínú ìwé kan náà.

4. ÌGBỌRÀN NI ẸSẸ̀ TÍ ÌGBẸ́KẸ̀LÉ FI Ń RÌN

Iná ni a fi ń dán wúrà wò. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará Ìjàyè ṣubú pẹ̀lú ìlú wọn, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn tí ó dé Abẹ́òkúta kò jókòó sunkún títí. Wọ́n tẹ àdúgbò kan dó, wọ́n sì pè é ní Ìjàyè. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ tí àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi gbà lọ́wọ́ ebi ni a kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, a sì ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ìlú ṣubú, ìjọ kò ṣubú.

Nínú ìtàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwa náà, ẹ rántí Thomas Birch Freeman. Ó dé Cape Coast ní ilẹ̀ Gold Coast ní oṣù Kìíní ọdún 1838. Kò tó oṣù méjì tí ìyàwó rẹ̀ fi kú. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, òun náà sì kú ní ọdún 1841. Ta ni ìbá bá a wí bí ó bá padà sí ìlú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, láti ibẹ̀ ni ìhìnrere sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. A kò rí i kà pé Ọlọ́run ṣàlàyé ikú àwọn ìyàwó rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ni ó rí, ó sì ṣe é.

Arábìnrin, ohun tí a ń sọ kò le. Ní ọjọ́ ìdánwò, má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé, “Nígbà wo ni yóò parí?” Béèrè pé, “Kí ni Olúwa fẹ́ kí n ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí?” Ìbéèrè kìíní lè má ní èsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì máa ń ní èsì lójoojúmọ́.

5. ÌDÁNWÒ TIWA

(a) Ní ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà tí owó sì ṣọ̀wọ́n nígboro, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbé ẹrù lọ sí ọjà tí ó sì gbé e padà wálé. Láti ìgbà náà, owó mọ́tò àti owó epo kò jẹ́ kí èrè gàrì tó nǹkan mọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni èṣù máa ń rán ẹnì kan sí wa pé kí á tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú díẹ̀, tàbí kí á da gàrì àtijọ́ mọ́ tuntun. Ẹnikẹ́ni lè gbàdúrà fún ọjà títà. Ìgbẹ́kẹ̀lé wà nínú kọ́ńgò tí ó pé ní ọjọ́ tí ọjà kò tà. Bákan náà ni arábìnrin tí owó àjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀ kò tíì pé. Owó náà kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó ké sí wa fún ìrànwọ́, kí ó má fọwọ́ kàn án.

(b) Ní ilé. Arábìnrin tí kò tíì bímọ mọ iye ẹnu tí ń gbà á nímọ̀ràn. Ìyá ọkọ lè ní kí ó wá kí àwọn lọ sí ibì kan ní òru, ọ̀rẹ́ lè mú orúkọ wòlíì kan wá tí ń gba owó kí ó tó gbàdúrà. Kò rọrùn láti sọ pé, “Ẹ ṣeun, Mà, ṣùgbọ́n n kò ní lọ.” Kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má bú ẹnikẹ́ni, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí kì í ṣe obìnrin nìkan ni ìṣòro náà máa ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Bí ọmọ bá dé, ògo ni fún Ọlọ́run. Bí kò bá tíì dé, aya ni síbẹ̀, ìyá ni nínú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ Ọlọ́run sì ni.

(d) Ní àkókò ọ̀fọ̀. Opó tí àwọn ará ilé ọkọ fẹ́ gba oko àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lè fẹ́ gbẹ̀san. Kí ó wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́nà òfin àti lọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Kò lòdì sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ohun tí Olúwa kọ̀ ni kí a fi ibi san ibi.

6. ÌKÌLỌ̀ MẸ́TA

Ìkíní, kí á má ṣe dá ẹni tí a ń dán wò lẹ́bi. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó tì í láì sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣẹ̀. Kí á má ṣe sọ fún arábìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú pé kò gbàdúrà tó.

Ìkejì, kí á má ṣe sọ ìgbọràn di owó ìsanwó. Ẹni tí ó bá ń sọ pé, “Mo ti ṣe èyí, Olúwa gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn,” ọjà ni ó ń ná. Ọmọ ni wá nínú ilé, a kì í ṣe oníbàárà.

Ìkẹta, kí á má ṣe fi ìgbàgbọ́ ṣe àwáwí láti kọ oògùn tàbí dókítà. Aláboyún tí ara rẹ̀ kò dá kò gbọdọ̀ dúró sílé kí ó máa sọ pé òun ń gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa. Kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí á sì máa gbàdúrà lọ́nà.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ìyá wa, Ọlọ́run kò ṣèlérí fún wa pé odi ìlú wa kò ní wó láé. Ó ṣèlérí pé òun kò ní fi wá sílẹ̀ nígbà tí ó bá wó. Ìlérí yìí ni àwọn ará Ìjàyè gbé lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí wọn kò lè gbé ilé àti oko wọn dání. Ìlérí kan náà ni Olúbi dì mú ní Ìbàdàn. Ìlérí náà ṣì wà lónìí fún ẹni tí ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Arábìnrin, máa pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé Olúwa kò rí ọ níbẹ̀. Ìdúróṣinṣin rẹ náà jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ kí ìjọ gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun méjì tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà sọ fún ọba? Èwo ni ó ṣòro fún wa jù láti sọ?

2. Bí àwọn onígbàgbọ́ Ìjàyè àti ti Ìbàdàn bá pàdé lẹ́yìn ogun, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún ara wọn?

3. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún arábìnrin tí ó wà nínú ìdánwò tí ó ń dá kún ọgbẹ́ rẹ̀? Kí ni a lè sọ, tàbí kí ni a lè ṣe, dípò rẹ̀?

4. Kí ni iṣẹ́ ìgbọràn kan tí Olúwa fi sí ọ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ohun tí ò ń tọrọ kò tilẹ̀ tíì dé?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan arábìnrin méjì tí wọn yóò ṣe ìbẹ̀wò sí ẹnì kan tí ó ti ń dúró de èsì àdúrà láti ọjọ́ pípẹ́. Kí wọ́n má lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n má sì lọ wàásù. Kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bá a ṣe iṣẹ́ ilé tí ó bá wà, kí wọ́n gbàdúrà kúkúrú kí wọ́n tó máa bọ̀. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí èsì láti jáde síwájú dúpẹ́ pé Olúwa mú un dúró.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí ó rí omijé ìyá nínú odi Ìjàyè, tí ó sì rí tiwa lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ. Fún wa ní ọkàn tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé Ọ nígbà tí a kò mọ ìdí. Fún wa ní ọwọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ Rẹ nígbà tí ó rẹ̀ wá. Má ṣe jẹ́ kí á fi ẹnu wa pa ẹni tí ìdánwò ti lù bolẹ̀. Rántí àwọn tí ń dúró láàárín wa, fún wọn ní ìfẹ́ ọkàn wọn gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ Rẹ, kí O sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ìwọ wà lọ́dọ̀ wọn kí ó tó dé. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.